Kọmíṣánnà Dé Ilé Ìgbìmọ̀, Kí Lẹ Fẹ́ Kí Wọ́n Bi Í?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì nílé lóko. Látìgbà tá a ti kọ̀wé lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì ni lẹ́tà ti ń ya wọlé, àwọn kan fi WhatsApp ránṣẹ́, àwọn àgbà kọ tiwọn sórí ìwé bíi tàtijọ́, ohun kan náà sì ni ọ̀pọ̀ ń bi: àwọn ọnọrébù tá a dìbò fún, ṣé wọ́n lè pe kọmíṣánnà tàbí mínísítà pé kó wá ṣàlàyé owó tó ná, tó bá sì dé ọ̀hún tán, kí ni wọ́n ń bi í gan-an? Mo ṣa díẹ̀ nínú wọn. Èyí tó gba àlàyé jù ni mo fi ṣáájú.

"Ẹ̀gbọ́n olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Aṣọ ni mò ń tà nílùú kan lápá òkè Èkìtì, mi ò ní dárúkọ ìlú náà torí iṣẹ́ ìjọba lọkọ mi ń ṣe. Látìgbà tí mo ti dé ilé ọkọ ni páìpù omi ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa, mi ò rí i kí omi gba inú ẹ̀ jáde rí, ọwọ́ onítánkà la ti ń ra omi, ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé báyìí owó ẹ̀ á tún fò sókè. Lọ́dọọdún ni mò ń gbọ́ lórí rédíò pé owó omi wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ọnọrébù wa ò lè pe kọmíṣánnà tọ́rọ̀ kàn kó bi í pé ibo lowó náà gbà lọ ni?" Ìyá aláṣọ.

Àǹtí wa, ó lè pè é, kì í sì í ṣe pé kọmíṣánnà ń ṣojúure sí wọn tó bá wá. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 108, sọ ọ́ kedere pé tí ilé ìgbìmọ̀ bá ké sí kọmíṣánnà pé kó wá ṣàlàyé bí nǹkan ṣe ń lọ nílé iṣẹ́ ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wá, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń jíròrò lórí ilé iṣẹ́ yẹn. Abala 128 fún ilé lágbára láti wádìí bí wọ́n ṣe ń náwó ìjọba, tí wọ́n bá ti fẹnu kò lórí ìwádìí náà tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Abala 129 lèyí tó léyín lẹ́nu, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti lè ní kéèyàn kó ìwé wá, kó búra kó tó sọ̀rọ̀, tí wọ́n bá sì fìwé pe ẹnì kan tó kọ̀ tí ò yọjú, wọ́n lè ní kí ọlọ́pàá lọ mú un wá. Ẹ rántí ọ̀wọ́n náírà ọdún 2023, ìgbà tí gbogbo wa ń tò lẹ́nu báǹkì bí ẹni ń gba sàráà. Àwọn aṣojú-ṣòfin l'Abuja pe gómìnà báǹkì àpapọ̀ nígbà náà, Emefiele, ọkùnrin náà ò wá, àfìgbà tí Sípíkà Gbajabiamila láwọn máa lo abala 89, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n 129 tiwa ní ti ìjọba àpapọ̀, kí ọlọ́pàá lọ gbé e, kó tó di pé ó yọjú ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kìíní.

Nítorí náà pípè kọ́ ni wàhálà. Wàhálà ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń bi wọ́n. Ẹ bá mi wò ó, ọnọrébù á dìde, á kí Sípíkà, á kí gómìnà, á kí kábíyèsí ìlú ẹ̀, á wá bi kọmíṣánnà pé kí lẹ ń ṣe sọ́rọ̀ omi yìí o, kọmíṣánnà náà á ní ìjọba ń ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru lórí ẹ̀, láìpẹ́ omi á máa ya, wọ́n á ní ẹ ṣeun, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ó parí nìyẹn. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ọmọ prámárì náà lè dáhùn ẹ̀. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé bọ́jẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó. Ìwé téèyàn kọ nǹkan ọbẹ̀ sí lálẹ́ ọjọ́ ọjà ni, ata, epo, ẹja, kò sọ pé owó wà nínú pọ́ọ̀sì. Èyí tẹ́ ẹ gbọ́ lórí rédíò yẹn, èyí tí ilé fọwọ́ sí pé wọ́n lè ná ni. Ó dìgbà tí wọ́n bá tú u sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń mójú tó omi, ó tún dìgbà tí wọ́n bá san án fún kọntirakítọ̀ kó tó di páìpù tàbí pọ́ọ̀pù, kó sì tó dé ẹnu ọ̀nà yín, ọ̀rọ̀ kọntirakítọ̀ fúnra ẹ̀ tún wà ńbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìbéèrè tó lè mú kọmíṣánnà làágùn kì í gùn. Èló la fọwọ́ sí fún omi ní àgbègbè yìí lọ́dún tó kọjá? Èló ni wọ́n tú sílẹ̀ nínú ẹ̀, lóṣù wo? Èló lẹ san, ta lẹ san án fún, àdúgbò wo ló ti ṣiṣẹ́? Tí kọmíṣánnà bá dáhùn pé wọn ò tú kọ́bọ̀ sílẹ̀, kì í ṣe òun lẹ máa fẹjú mọ́ mọ́ nìyẹn o, ẹni tó ń mójú tó ìṣúná ni kí wọ́n pè tẹ̀lé e, kó wá sọ ohun tí wọ́n rò pó ṣe pàtàkì ju omi lọ. Tó bá sì ní wọ́n tú u sílẹ̀, àwọn ti san án, ṣebí ilé lágbára láti ní káwọn lọ síbẹ̀ lọ wò ó. Ìbẹ̀wò yẹn náà wà lára iṣẹ́ wọn, kì í ṣe kí wọ́n lọ jẹ iyán ní gẹ́ẹ̀sìtì háòsì kí wọ́n padà.

Ní ti omi gan-an, ẹ jẹ́ kí wọ́n bi í débi ẹ̀rọ. Dáàmù ò wọ́n wa l'Èkìtì, Ero wà n'Ìkùn, Egbe wà, Itapaji wà, Ureje wà l'Adó níbí. Nínú dáàmù tó ń fún àdúgbò yín lómi, ṣé omi ni ò tó, àbí ẹ̀rọ tó ń fa omi ló kọṣẹ́, àbí iná tó yẹ kó gbé ẹ̀rọ yẹn ni ò sí, àbí páìpù abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láyé ọjọ́un ló ti jẹrà? Ọ̀tọ̀ lowó kálukú wọn nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Èèyàn lè fi bílíọ̀nù tún dáàmù ṣe kí páìpù ẹnu ọ̀nà yín ṣì gbẹ bó ṣe wà, kò sì ní parọ́ tó bá láwọn ná owó omi.

Ẹ ó ní báwo ni ọnọrébù á ṣe mọ iye wọ̀nyẹn. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2018, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí ètò kan tí wọ́n ń pè ní SFTAS, 750 mílíọ̀nù dọ́là, fún àwọn ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, ara àdéhùn ẹ̀ ni pé ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ mu nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì ẹ̀ síta káyé rí i, kó sì máa gbé ìròyìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta jáde tó fi èyí tí wọ́n fọwọ́ sí àtèyí tí wọ́n ná gan-an hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èkìtì wà nínú ẹ̀. Ètò náà ti kásẹ̀ ńlẹ̀ ṣùgbọ́n kò sídìí kí ìwé yẹn dáwọ́ dúró. Ẹ ní kọ́mọ yín tó mọ fóònù tẹ̀ wá a, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ omi sí, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì, ẹ gbé e fún ọnọrébù yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò kà á, mo fẹ́ sọ ọ́ síta báyìí, ẹni tó bá bínú kó bínú.

Ìgbà tó dáa jù láti bi wọ́n ni ìgbà tí gómìnà bá ti ka bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀ síwájú ilé tán, tí àwọn kọmíṣánnà ń tò wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan láti wá gbèjà tiwọn. Àwọn ló ń tọrọ nígbà yẹn. Ẹni tó ń tọrọ ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ ní kó kọ́kọ́ ka ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ ná.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí wọn ò kúkú pe gómìnà fúnra ẹ̀? Òun ló yan kọmíṣánnà, òun ló lowó. Ṣé ẹ̀rù ẹ̀ ń bà wọ́n ni?" Ọmọ Yunifásítì, Adó.

Àbúrò mi, abala 108 yẹn kan náà tó ní kọmíṣánnà gbọ́dọ̀ wá, ó ní gómìnà lè wá tó bá fẹ́ bá ilé sọ̀rọ̀. Lè wá, kì í ṣe gbọ́dọ̀ wá. Irú ìjà yìí wáyé l'Abuja ní oṣù Kejìlá 2020 nígbà táwọn aṣojú-ṣòfin ní kí Ààrẹ Buhari wá bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ètò ààbò, Malami tó jẹ́ mínísítà ìdájọ́ ní wọn ò lágbára láti pe Ààrẹ, Ààrẹ náà ò sì lọ. Ohun tí òfin fún wọn lórí gómìnà ni abala 188, ìyọnípò, ìyẹn sì le, kì í ṣe ohun téèyàn máa fi ń bèèrè owó táàpù. Ní ti ẹ̀rù, ẹ̀rù lè wà ńbẹ̀ lóòótọ́. Ilé ìgbìmọ̀ tó jẹ́ pé gómìnà ló máa fọwọ́ sí owó tó fi ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ohùn ẹ̀ ò lè le jù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tún òfin ṣe, tí Buhari buwọ́ lù ú ní oṣù Kẹta 2023, pé kí owó ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Bó ṣe ń lọ láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, ẹ̀yin náà ń wò ó.

"Olóòtú, ọmọ mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni mí n'Ìjerò. Láyé Western Region, inú ilé ni mínísítà jókòó sí n'Ìbàdàn, lójúkojú ni wọ́n ń bi í léèrè, kò sí pé à ń kọ̀wé pe ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lẹ sọ ọ́ di wàhálà. Ṣé tàtijọ́ ò dáa jù bí?" Bàbá Tíṣà.

Bàbá, ẹ kú àgbà, ẹ̀mí yín á gùn o. Òótọ́ lẹ sọ. Ètò ìjọba tá a jogún lọ́wọ́ òyìnbó nìyẹn, Awólọ́wọ̀ tó jẹ́ prẹ́míà láti 1954 sí 1959 àtàwọn mínísítà ẹ̀, ọmọ ilé ni wọ́n, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955, ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò lè ní òun wà nírìn-àjò, àga ẹ̀ wà níwájú àwọn alátakò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣì rí ní London dòní, gbogbo ọjọ́rú tí ilé bá ti ń jókòó ni olórí ìjọba ń dìde dáhùn ìbéèrè. Ọdún 1979 la yí padà sí ti Amẹ́ríkà, tó fi jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá fi ṣe mínísítà tàbí kọmíṣánnà ò lè jókòó sílé aṣòfin mọ́. Ìwé ìpè wá dé.

Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí mi Bàbá, ilé yẹn kan náà ni wọ́n ti ju àga lura wọn ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 1962, ibi tí Western Region ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ nìyẹn. Jíjókòó sínú ilé nìkan ò tó. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ti òyìnbó kì í tiẹ̀ ṣe ariwo ọjọ́rú, torí eré ìtàgé ló pọ̀ ńbẹ̀, ìgbìmọ̀ kan tó ń yẹ ìwé owó wò ni, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1861, àṣà wọn sì ni pé ọmọ ẹgbẹ́ alátakò ló ń ṣe alága ẹ̀. Àwa náà ní tiwa. Abala 125 ní kí ọ́dítọ̀ àgbà ìpínlẹ̀ yẹ ìwé ìṣirò owó ìjọba wò, kó gbé àbọ̀ ẹ̀ wá sílé ìgbìmọ̀ láàárín 90 ọjọ́ tó bá ti gbà á lọ́wọ́ akáúńtáńtì àgbà, kí ilé gbé e fún ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìṣirò owó. Gómìnà nìkan ò sì lè déédéé lé ọ́dítọ̀ yẹn lọ, àfi kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé fọwọ́ sí i. Bàbá, àbọ̀ ọ́dítọ̀ yẹn ló sọ ẹni tó gba owó tí kò mú rìsíìtì wá, ẹni tó gba owó iṣẹ́ tí iṣẹ́ ò sí ńlẹ̀. Ìbéèrè ti wà nínú ẹ̀ lódindi, ọnọrébù ò nílò láti ronú, kó ṣáà ti kà á síta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti máàkì ìwé àwọn ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti fi pupa sí lẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ wò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, awakọ̀ ni mí, Adó sí Àkúrẹ́ ni mò ń ná. Ọ̀nà yẹn ti jẹ táyà mi tán láwọn ọdún wọ̀nyẹn, ẹ báwọn ọnọrébù 26 tó wà nílé ìgbìmọ̀ Èkìtì sọ pé kí wọ́n pe kọmíṣánnà iṣẹ́ òde." Awakọ̀, Ìkéré.

Ọ̀gá dírébà, ẹ pẹ̀lẹ́ ti táyà. Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni ọ̀nà yẹn, kọmíṣánnà tiwa ò ní owó ẹ̀ lọ́wọ́ àfi tí ìpínlẹ̀ bá gbà á ṣe. Mínísítà iṣẹ́ òde l'Abuja ló máa jẹ́ ẹjọ́ ẹ̀, Umahi ni wọ́n fi síbẹ̀ ní 2023, abala 67 ló sì fún àwọn aṣòfin àpapọ̀ láǹfààní láti pè é. Èkìtì ní sẹ́nétọ̀ mẹ́ta àti aṣojú-ṣòfin mẹ́fà, ọ̀kan nínú àwọn sẹ́nétọ̀ yẹn, Bamidele, tún ni aṣáájú ilé aṣòfin àgbà, a ò lè sọ pé ẹnu wa ò tó ọ̀hún. Ohun tí 26 tiwa lè ṣe ni kí wọ́n gbé ìpè síta sí ìjọba àpapọ̀. Òótọ́ ni pé Abuja náà ní wàhálà tiẹ̀. Ṣé ẹ rántí oṣù Keje 2020, nígbà tí wọ́n ń bèèrè owó NDDC, àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè Niger Delta, tí adelé ọ̀gá ibẹ̀ dákú sórí tábìlì nígbà tí wọ́n ń bi í léèrè? Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni Akpabio, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ Niger Delta nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn aṣòfin fúnra wọn ló ń gba ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ kọ́ńtíráàkì náà, wọ́n yáa ní kó pa máìkì. "Off your mic" di ohun tí gbogbo Nàìjíríà fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gba kọ́ńtíráàkì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan, báwo ló ṣe fẹ́ bi ilé iṣẹ́ yẹn léèrè tó ní láárí?

Àwọn ìbéèrè kéékèèké ló kù.

Ẹni tó kọ̀wé láti Òmùò pé ta ni kí wọ́n bi ní ti iná: tẹ́lẹ̀, Abuja ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin ṣe ní 2023, tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàmójútó iná, sì gbé àmójútó iná Èkìtì fún ìpínlẹ̀ ní 2024, ilé ìgbìmọ̀ tiwa lè pe àwọn tó ń mójú tó o nílé níbí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ Abuja ni.

Àǹtí tó ní èèyàn mélòó ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí ìpàdé tó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́ta, abala 96. Nínú 26, mẹ́sàn-án nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Adó ní oṣù Kọkànlá 2014 mọ ìdí tí mo fi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, àwọn méje ló jókòó nígbà yẹn tí wọ́n fọwọ́ sí orúkọ kọmíṣánnà, tí wọ́n tún láwọn yọ Sípíkà Omirin.

Ẹni tó bèèrè pé ṣé wọn ò lè bi kọmíṣánnà léèrè kó tó dé ipò ni: wọ́n lè bi í dáadáa, torí ilé ló máa fọwọ́ sí orúkọ ẹ̀, tí wọn ò bá sì dáhùn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 21 òfin á kà á sí pé wọ́n ti gbà. Ṣùgbọ́n àṣà "bow and go" ti bà á jẹ́ ní Nàìjíríà, wọ́n á ní kéèyàn tẹrí ba kó máa lọ, pé ọmọ wa ni. Ọmọ wa kẹ̀! Ọmọ wa náà ló máa ṣẹ̀ wá náwó ọ̀hún.

Èyí tó kẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan n'Ìkéré ní kí n bá òun kọ lẹ́tà tóun máa gbé fún ọnọrébù òun, kí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ má fò. Ó dáa, ẹ kọ ọ́ báyìí: "Sí Ọnọrébù tó ń ṣojú wa. Nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yìí, wọ́n kọ owó báyìí-báyìí fún ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wa. Nínú ìròyìn oṣù mẹ́ta tó kọjá, iye báyìí ni wọ́n ní àwọn ti ná. A lọ síbẹ̀, orúlé ò tíì sí lórí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí kọmíṣánnà ètò ìlera bá wá sílé, ẹ bá wa bi í pé ta ló gba owó náà, ìgbà wo ló sì máa parí ẹ̀." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má sọ ìtàn ìlú, má bú gómìnà, má dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ìwé tó bá ti ní èébú nínú, inú dírọ́ọ̀ ló ń sùn sí. Tí ọnọrébù ò bá dá ọ lóhùn, kọ ọ́ tààrà sí ilé iṣẹ́ náà lábẹ́ òfin tó fúnni lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìròyìn lọ́wọ́ ìjọba. Èkìtì ló kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀ nínú gbogbo ìpínlẹ̀, ní 2011, Fáyẹmí ló buwọ́ lù ú, òfin ti ìjọba àpapọ̀ sì fún wọn ní ọjọ́ méje péré láti dáhùn, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì ti sọ ní oṣù Kẹrin 2025 pé ó de ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Kọ déètì sí i, ṣe é ní méjì, kí ẹni tó bá gbà á buwọ́ lu èyí tó máa wà lọ́wọ́ tìẹ, kó lẹ sítáǹpù mọ́ ọn. Tó bá ní sítáǹpù ò sí ńlẹ̀, dúró dè é.